Ta Ni Ó Yàn, Ta Ni Ó San Án? Ìpinnu Akọni nínú Lítíréṣọ̀ àti Ìjà fún Ẹ̀tọ́ ní Kòṣọ̀fẹ́

Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka Rẹ́rẹ́ Rún, eré-onítàn Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí ó jáde ní ọdún 1973, tí olùkọ́ sì bi í léèrè ìdí tí orí Láwúwo fi dàrú, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wà nínú ìwé ìdánwò kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé kádàrá rẹ̀ ni. Èkejì ni pé ìtàn náà kọ́ wa kí á má bá alágbára ṣe orogún. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí rọrùn láti kọ, wọ́n sì rọrùn láti fún ní máàkì, ṣùgbọ́n wọn kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n sọ akọni tí ó dìde fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ di ẹni tí a ti kọ ìparun mọ́ lórí láti ọ̀run wá. Wọ́n sì sọ òǹkàwé di ẹni tí kò ní ohun tí yóò ṣe ju kí ó káàánú, kí ó sì pa ìwé dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí inú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka ìwé náà ní Kétu, ní Ìkòsì tàbí ní Máìlì 12 ń gbé ní àdúgbò tí ìjà fún ẹ̀tọ́ ti wáyé ní ojú títì. Ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ ni Ọ̀jọ́tà wà. Ibẹ̀ ni ọgbà tí a fi orúkọ Gàní Fawẹ̀hìnmí sọ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn péjọ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2012 nígbà tí owó epo bẹntiróòlù gbówó lórí. Bí a bá ti kọ́ ọmọ pé kádàrá ni ó gbé Láwúwo ṣubú, kí ni a fẹ́ kí ó rò nípa àwọn tí ó dúró ní Ọ̀jọ́tà?

Kì í ṣe ohun tí ó gbẹ̀yìn akọni nìkan ni ó yẹ kí á fi wọn ìgbésẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìgboyà rẹ̀ nìkan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni èyí: ta ni ó yàn, ta ni ó san gbèsè ohun tí a yàn, ǹjẹ́ a sì bi ẹni tí ó san gbèsè náà kí á tó yàn?

Ẹ̀kọ́ tí ó gbé yíyàn ga

Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé gbé ẹ̀kọ́ existentialism lárugẹ. A lè pè é ní ẹ̀kọ́ ìwàláyé ẹ̀dá. Jean-Paul Sartre ni òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wọn. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Paris ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1945, ó ṣàlàyé pé ènìyàn kọ́kọ́ wà ná, kí ó tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di ohun tí yóò jẹ́. Ọ̀bẹ kò rí bẹ́ẹ̀: alágbẹ̀dẹ ti mọ iṣẹ́ tí ọ̀bẹ yóò ṣe kí ó tó rọ ọ́. Ní ti ènìyàn, ohun tí ó bá ṣe ni yóò sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Nítorí náà kò sí àwáwí fún un. Bí ó bá kọ̀ láti yàn, kíkọ̀ náà gan-an, yíyàn ni.

Sartre ní orúkọ tí ó fún ìwà ẹni tí ó ń sá fún yíyàn. Ní èdè Yorùbá, ìtanra-ẹni-jẹ ni. Ẹni tí ó ń tan ara rẹ̀ jẹ mọ̀ pé agbára wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn láti sọ pé ọ̀gá ni ó rán òun, pé bí ayé ti rí nìyẹn, tàbí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é.

Àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kò fi ẹ̀kọ́ wọn mọ sí inú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Inú ìtàn àròsọ àti eré-onítàn ni wọ́n gbé e lọ, nítorí pé inú ìtàn ni a ti lè rí ènìyàn tí ó dúró ní oríta. Ọdún 1945 kan náà ni Simone de Beauvoir gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Le Sang des autres, jáde. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Nínú rẹ̀, Jean Blomart jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó ń bá àwọn ọmọ ogun Jámánì jà ní abẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Faransé. Ó jókòó ti ibùsùn Hélène, obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà tí ó sì ń kú lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Blomart ní láti pinnu bóyá òun yóò tún rán ẹlòmíràn lọ sínú ewu bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1949, Albert Camus, tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí á ka òun mọ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí, gbé eré rẹ̀ Les Justes kalẹ̀. Ó gbé e ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1905. Kaliayev fẹ́ ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ ìjòyè ńlá kan, ṣùgbọ́n ó rí ọmọdé méjì nínú ọkọ̀ náà, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀: ṣé ó tọ́ kí ó dáwọ́ dúró? Nínú ìwé méjèèjì, a kò fi bí ọ̀rọ̀ ti parí nìkan wọn ìwà akọni. Ẹ̀jẹ̀ tí yóò ta sílẹ̀ ni a fi wọ̀n ọ́n.

Àkúnlẹ̀yàn kì í ṣe àwáwí

Àwọn lámèyítọ́ kan lè sọ pé ẹ̀kọ́ òkèèrè ni èyí, pé orí àti àyànmọ́ ni Yorùbá gbà gbọ́. Ó yẹ kí á wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní. Àkúnlẹ̀yàn ni Yorùbá pe ìpín ẹ̀dá: ẹ̀dá kúnlẹ̀, ó sì yàn. Yíyàn wà nínú orúkọ náà gan-an. Ẹni tí ó bá ń fi orí ṣe àwáwí ti gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìtàn Ifá tí Wándé Abímbọ́lá ti mú kí ó di mímọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísèékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, tí wọ́n ń lọ sí ilé Àjàlá alámọ̀ tí ń mọ orí láti lọ yan orí tí wọn yóò gbé wá sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú, wọ́n mú orí tí ó dára ní ojú ṣùgbọ́n tí kò jinná dáadáa, òjò sì ba orí náà jẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ lọ rí bàbá rẹ̀. Ó tún dúró lọ́nà, ó fi iyọ̀ han oníbodè kan tí ń fi eérú se ọbẹ̀. Ẹni tí ó ràn lọ́wọ́ yìí náà ni ó ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó dé ilé Àjàlá, tí ó fi rí orí tí ó dára mú.

Ìtàn yìí kò sọ pé Afùwàpẹ́ kò yàn. Ó yàn, ṣùgbọ́n kò dá yàn. Ibí yìí ni èrò Yorùbá ti ní ohun kan láti fi kún ọ̀rọ̀ Sartre. Sartre sọ pé ẹni tí ó bá yàn fún ara rẹ̀ ti yàn fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì ń mú kí ènìyàn ronú kí ó tó ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni kan lè yàn fún gbogbo ènìyàn nínú yàrá rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìtàn Afùwàpẹ́ ń tọ́ka sí ni pé yíyàn fún ènìyàn yàtọ̀ sí yíyàn pẹ̀lú ènìyàn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Láwúwo, Morẹ́nikẹ́ àti gbèsè tí a kò bi ẹnikẹ́ni

Bí a bá gbé òṣùwọ̀n yìí lé Rẹ́rẹ́ Rún, ojú tí a fi ń wo ìwé náà yóò yí padà. Láwúwo ni olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ìyà ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ lábẹ́ Onímògún àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ó sì yàn láti ṣíwájú wọn. Ìwé náà jáde ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun Àgbẹ́kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dìde nítorí owó orí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ olórí tí ó ń ja ìjà àwọn mẹ̀kúnnù kì í ṣe àlọ́.

Láwúwo nígboyà. Kò fi ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ra ìgbádùn fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kò fọkàn sí ni ọ̀tá ti wọlé. Ẹ̀tàn dé inú ilé rẹ̀ lórí owó ẹgbẹ́, Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, orí Láwúwo fúnra rẹ̀ sì dàrú. Àwọn tí ó dá ọgbọ́n ẹ̀tàn ni wọ́n jẹ̀bi jù lọ, kò sí àní-àní níbẹ̀. Síbẹ̀ ìbéèrè kan kù. Ìjà náà ti wọ inú ilé Morẹ́nikẹ́, ẹrù rẹ̀ sì ti wà ní èjìká rẹ̀. Ǹjẹ́ ó wà níbi tí a ti ń gbìmọ̀ bí a ó ṣe jà á?

Ẹ jẹ́ kí á fi í wé Hélène inú ìwé de Beauvoir. Òun náà kú nínú ìjà tí olùfẹ́ rẹ̀ ń darí. Ṣùgbọ́n Hélène mọ ewu tí ó wà níbẹ̀, òun ni ó sì yàn láti lọ. Kí ó tó kú ó jẹ́ kí Blomart mọ̀ pé òun ni òun yàn án. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó fún Blomart ní okun láti tẹ̀ síwájú nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Kò mú ìbànújẹ́ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ó fi hàn án pé kò lo obìnrin náà bí ẹni lo irin iṣẹ́. Láwúwo kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu Morẹ́nikẹ́. Bí orí rẹ̀ ti dàrú, a lè kà á sí ìyà tí àwọn alágbára fi jẹ ẹ́. A sì tún lè kà á sí ìbànújẹ́ ẹni tí ó rí i pé ẹlòmíràn ti san gbèsè ohun tí òun yàn, tí kò sì sí ẹni tí ó bi onítọ̀hún. Bí olùkọ́ bá fi kádàrá bo èyí mọ́lẹ̀, ó ti gba ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù nínú ìwé náà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ìtanra-ẹni-jẹ náà ń bí irú gbèsè yìí. Nínú eré Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman, tí ó jáde ní ọdún 1975, Ẹlẹ́ṣin Ọba mọ ohun tí ipò rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọba wàjà. Ó fẹ́ ìyàwó tuntun, ó fa ẹsẹ̀, òyìnbó sì rí àyè mú un. Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn ẹlòmíràn kí ó tó jẹ́wọ́ pé ọkàn òun gan-an ni ó rọ̀ mọ́ ayé. Ta ni ó san gbèsè náà? Olúńdé ọmọ rẹ̀ ni ó kú dípò rẹ̀. Yálà ènìyàn gba àṣà ikú yìí tàbí kò gbà á, eré náà fi hàn pé ẹni tí ó fa ẹsẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti yàn kò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè, ńṣe ni ó tì í sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọ̀jọ́tà àti Máìlì 12

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù. Iye owó jálá kan kúrò ní náírà 65, ó di náírà 141. Ìjọba ni ó yàn, ará ìlú ni yóò san án, a kò sì bi ará ìlú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọgbà Gàní Fawẹ̀hìnmí ní Ọ̀jọ́tà di ibi àpéjọ tí ó tóbi jù ní Èkó. Àwọn olórin, àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ọlọ́jà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó pọ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà wá sí òpin ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà. Ìjọba dín owó náà kù sí náírà 97, àwọn olórí òṣìṣẹ́ sọ pé àwọn dá ìdaṣẹ́sílẹ̀ dúró, àwọn ọmọ ogun sì wà ní Ọ̀jọ́tà láti má jẹ́ kí ènìyàn péjọ mọ́. Àwọn kan gbà pé ìpinnu àwọn olórí náà bọ́gbọ́n mu, nítorí pé owó náà dín kù, ẹ̀mí kò sì ṣòfò sí i. Àwọn mìíràn bínú pé inú yàrá ìpàdé ni a ti parí ohun tí àwọn fi ẹsẹ̀ ara àwọn dúró fún nínú oòrùn. Kò pọn dandan kí á dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé kì í ṣe iye náírà nìkan ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìbínú náà wá láti inú pé àwọn tí ó ti san nínú gbèsè náà kò mọ ìgbà tí a yàn fún wọn.

Ọjà Máìlì 12 kò jìnnà sí Ọ̀jọ́tà. Ata, tòmátò àti àlùbọ́sà tí ọkọ̀ ńláńlá ń kó wá láti Òkè Ọya ni a ń tà níbẹ̀. Tòmátò kì í dúró de ìpàdé. Bí a bá ti títì pa fún ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin tí ó fi owó àjọ ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá ti san gbèsè tirẹ̀ kí olórí òṣìṣẹ́ kankan tó pàdánù ohunkóhun. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí á má jà. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà fẹ́ kí á jà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé owó ọkọ̀ tí ó ń san láti kó ọjà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ sókè. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ó yẹ kí ohùn rẹ̀ wà nínú ìpinnu náà.

Máìlì 12 kan náà ti rí ìgbésẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ìwà ọmọlúàbí nínú. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2016, ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ lè sọ pé òun kò yan nǹkan kan, pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni òun ṣe. Ìtanra-ẹni-jẹ tí Sartre sọ nìyẹn. Kaliayev dá ọwọ́ rẹ̀ dúró nítorí ọmọ méjì tí kò sí bí a ṣe lè bi wọ́n. Nínú ìjà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kò sí ẹni tí ó bi ẹnikẹ́ni, ọwọ́ kò sì dúró.

Àtakò àti ìdáhùn

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ní kí olórí bi gbogbo ènìyàn kí ó tó jà, kò sí ìjà kankan tí yóò wáyé. Ọ̀tá yóò gbọ́, àkókò yóò sì kọjá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Blomart kò lè pe ìpàdé ìlú lójú àwọn ọmọ ogun Jámánì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ọrùn wọn sínú okùn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bíbi ènìyàn kì í ṣe kíké lójú ọjà. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹni tí ewu yóò kàn mọ̀ nípa ewu náà, kí àyè sì wà fún un láti kọ̀. Ẹni tí a kò sì lè bi, bí ọmọdé, kí á mú ewu jìnnà sí i.

Gàní Fawẹ̀hìnmí tí ọgbà Ọ̀jọ́tà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí á kíyè sí. Ìjọba ológun jù ú sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì jẹ́ pé ara tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ń san gbèsè ohun tí ó yàn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi oyè orílẹ̀-èdè dá a lọ́lá ní ọdún 2008, ọdún kan kí ó tó kú, ó kọ̀ ọ́. Sartre náà ti kọ ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1964. Àwọn méjèèjì rí i pé ọlá tí ènìyàn bá gbà lè di okùn tí a fi ń fà á. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò lè ṣe bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ darí àwọn ẹlòmíràn sínú ewu, ó yẹ kí á lè tọ́ka sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti san.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú olùkọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí wọ́n bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kétu àti Ìkòsì lè ṣe àyípadà kékeré kan. Kàkà kí ìbéèrè parí sí ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ wa, kí wọ́n bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan: kí ni ó yàn, ta ni ó san án, ǹjẹ́ a bi onítọ̀hún? Kí wọ́n bi í lórí Láwúwo, kí wọ́n bi í lórí Onímògún. Kí wọ́n bi í lórí Lápité inú fíìmù Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999 láti ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọba tí ó fẹ́ adé ṣùgbọ́n tí ó sá fún májẹ̀mú tí ó so adé mọ́ ará ìlú. Ọmọ tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń béèrè yìí nínú ìwé yóò mọ̀ ọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́, àti lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìgbà irú ìbéèrè yìí kò tíì kọjá. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ọdún 2023, a tún kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé lè máa jiyàn bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ti olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni kí ó rí i pé ọmọ tí ó jáde ní kíláàsì rẹ̀ kò ní ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí òjò tí ó kàn rọ̀ láti ojú ọ̀run.

Àgbálọgbábọ̀

Lítíréṣọ̀ Yorùbá kò ṣe aláìní ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé béèrè. Ó ti ní in nínú ìtàn Àjàlá, ó ní in nínú ilé Láwúwo. Ohun tí ó kù ni kí á dẹ́kun fífi kádàrá dáhùn kí ìbéèrè tó jáde lẹ́nu. Orí ni a yàn ní ọ̀run, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn láyé, ẹsẹ̀ náà sì máa ń tẹ ilé àwọn ẹlòmíràn. Akọni tí ó bá mọ èyí, yálà inú ìwé ni ó wà tàbí ní ojú títì Ọ̀jọ́tà, yóò kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.